Àlàpà àti Kamina: ohun tí ògiri tó wó lè kọ́ àwa tí à ń mọlé

Ìtàn ni a tún gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn oyè tàbí ti ìjà àwọn ọba. Ìtàn ògiri ni: ohun tí a fi ń mọ ọ́n, ohun tí a ń fi àwókù rẹ̀ ṣe nígbà tó bá wó, àti ìdí tí àwókù fi di ìṣòro fún wa lónìí nígbà tí kì í ṣe ìṣòro fún àwọn baba wa.

Ẹni tó bá gun òkè láti Agbonou wọ àárín ìlú, tó sì yà sí àwọn àdúgbò wa àtijọ́, Djama, Gnagna àti Woudou, yóò rí ohun tí à ń sọ. Ilé alámọ̀ ń wó, ilé onísìmẹ́ńtì ń dìde. Ilé onísìmẹ́ńtì pàápàá ti ń darúgbó. Wọ́n ń fọ́ ọgbà ilé kan kí ọ̀nà lè fẹ̀, wọ́n ń wó ilé kékeré kan kí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lè gba ipò rẹ̀. Àwókù rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n á kó o sínú pousse-pousse tàbí sínú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n á lọ dà á sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tàbí sí ojú àgbàrá. Bí òjò bá rọ̀, omi tí kò rí ọ̀nà gbà mọ́ á yà sí ilé onílé. Kò ní pẹ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù mìíràn á gbé yanrìn odò wá sí ojúlé kan náà tí a ti kó àwókù kúrò. Owó ni a fi kó èyí lọ, owó ni a fi ra ìyẹn wá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, apá púpọ̀ nínú ohun tí a dà nù, yanrìn ni.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn baba wa. Láti Ilé-Ifẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ àwa Ifẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ana ní Tógò, amọ̀ ni a fi ń mọlé. Wọ́n á gbẹ́ kòtò sí itòsí ibi tí ilé yóò wà, wọ́n á da omi sí erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi rọ̀. Nígbà mìíràn wọ́n á gé koríko gbígbẹ sí i kí ògiri má baà sán. Wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kí ó rin dáadáa, wọ́n á tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣù ú bí iyán, tí ẹni tó wà nílẹ̀ á máa jù ú fún ẹni tó wà lórí ògiri. Ipele kan ni wọ́n ń mọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á jẹ́ kí ó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ ni. Àna á wá, ọ̀rẹ́ á wá, ẹgbẹ́ á wá, àwọn obìnrin á máa pọn omi, ẹni tó ni ilé á sì pèsè oúnjẹ.

Nígbà tí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá wó, tàbí tí àwọn tó ni ín bá kó lọ, ohun tó kù ni à ń pè ní àlàpà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. A kò pè é ní ààtàn. Ààtàn ni ibi tí gbogbo ará àdúgbò ń da ìdọ̀tí sí, ṣùgbọ́n àlàpà ní ẹni tó ni ín. Orúkọ ìdílé wà lórí rẹ̀, àwọn ọmọ sì lè padà síbẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ kọ́lé lè lọ sí àlàpà baba rẹ̀, kó tú ògiri tó wó ká, kó da omi sí i, kó sì tún un tẹ̀. Amọ̀ tó ti jẹ́ ògiri fún ìran kan á di ògiri fún ìran mìíràn. Òkúta ìpìlẹ̀, ìlẹ̀kùn, òpó àti igi àjà tí ikán kò jẹ ni wọ́n á tún lò. Èyí tí a kò bá lò, òjò á tú u díẹ̀díẹ̀, á padà di ilẹ̀, a ó sì gbin nǹkan sórí rẹ̀. Nínú iṣẹ́ ìmọlé àtijọ́, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí à ń dà nù.

Ìtàn kan wà tí àwọn ọmọ iléèwé ní Tógò mọ̀ dáadáa, ìtàn Notsé, ìlú tó wà lójú ọ̀nà láti Lomé sí ọ̀dọ̀ wa. Àwọn Ewé sọ pé inú odi ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Agbogbo ni àwọn baba ńlá wọn ń gbé, lábẹ́ ọba Agokoli, ẹni tí ìnira rẹ̀ pọ̀ lára wọn. Àwọn obìnrin wá bẹ̀rẹ̀ sí í da omi ìfọṣọ àti omi ìfọwo sí ojú kan náà lára odi lójoojúmọ́, títí ibẹ̀ fi rọ̀. Ní òru ọjọ́ kan, wọ́n lu odi náà já, wọ́n sì jáde lọ. Àwọn tó sọ ìtàn yìí mọ iṣẹ́ amọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ohun tí a fi omi mọ, omi lè tú u. Ohun tó gba àwọn Ewé sílẹ̀ ní Notsé kan náà ló ń jẹ́ kí ọmọ lè fi àlàpà baba rẹ̀ kọ́lé tuntun.

Ṣùgbọ́n ohun tí iná bá ti sun, omi kò lè tú u mọ́. Bí ìkòkò bá fọ́, kò sí bí a ṣe lè rẹ ẹ́ sómi kó padà di amọ̀. Ṣé àwọn baba wa wá kó àpáàdì dà nù? Rárá. Ní Ilé-Ifẹ̀, láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400, àpáàdì ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ àgbàlá, ojú ọ̀nà àti ojúbọ. Wọ́n á to àpáàdì náà ní ìdúró, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, bí ìgbà tí egungun ẹja bá tò lára ẹja. Ní ibòmíràn wọ́n á fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun ṣe ọ̀ṣọ́ sí àárín rẹ̀. Ìtàn ẹnu àwọn ará Ifẹ̀ fi iṣẹ́ yìí sí abẹ́ àṣẹ Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọ̀ọ̀ni. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí irú ilẹ̀ alápàáàdì bẹ́ẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin àti ní Tógò níhìn-ín pẹ̀lú. Òjò ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ti rọ̀ lé e, kò sì tíì bàjẹ́.

Nítorí náà òfin méjì ni àwọn àgbà mọ̀. Amọ̀ tútù tó gbẹ, ẹ fi omi dá a padà. Amọ̀ tí iná ti sun, ẹ wá iṣẹ́ mìíràn fún un. Òfin méjèèjì dá lórí ohun kan náà, pé kí ohun tó fọ́ tún ríṣẹ́ ṣe.

Sìmẹ́ńtì ni ó wá bá wa lẹ́yìn èyí. Ní 1824 ni Joseph Aspdin, bíríkìlà kan ní ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ohun tó pè ní sìmẹ́ńtì Portland. Kò pẹ́ tí àwọn ará Jámánì náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ní 1884 ni Jámánì fi àdéhùn Togoville gba etíkun wa, wọ́n sì ń wọ inú ilẹ̀ lọ láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì àti irin wúwo, a kò lè fi orí rù wọ́n dé òkè Atakpamé ní iye tí ilé ńlá ń fẹ́. Ó di ìgbà tí wọ́n kọ́ afárá ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi sí Lomé ní 1904, tí ojú irin dé Aného ní 1905, tó dé Kpalimé ní 1907, tó sì dé ọ̀dọ̀ wa ní 1911. Ọ̀nà yẹn ni sìmẹ́ńtì gbà wọ ìlú wa.

Ní ọdún kan náà, 1911, ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Kamina. Ilé-iṣẹ́ Telefunken ti Jámánì ló ń kọ́ ibùdó rédíò ńlá síbẹ̀, kí Berlin lè bá àwọn ilẹ̀ tó gbà ní Áfíríkà àti àwọn ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ lórí òkun sọ̀rọ̀. Anton Codelli, baálẹ̀ kan láti Ljubljana, ló ṣe olórí iṣẹ́ náà. Ibùdó kejì tó ń dá a lóhùn wà ní Nauen, nítòsí Berlin, ó sì jìnnà ju 5000 kìlómítà lọ. Wọ́n gbé àwọn òpó irin gíga dúró, àwọn mìíràn nínú wọn ga tó 120 mítà. Wọ́n kọ́ ilé fún ẹ̀rọ tí ń mú iná mànàmáná wá, wọ́n fi kọnkéré, tí àwọn maçon wa ń pè ní béton, ṣe ìpìlẹ̀ fún àwọn òpó àti ẹ̀rọ. Àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ló ru ẹrù, tó gbẹ́ kòtò, tó po kọnkéré. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fi ìfẹ́ ara wọn wá, iṣẹ́ àfipáṣe ni. A kò gbọdọ̀ gbàgbé ìyẹn nígbà tí a bá ń yin àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó wá láti òkè òkun.

Ibùdó náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1914 nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Gold Coast wọlé, àwọn ti Faransé gba Dahomey wọlé, Kamina sì ni àwọn méjèèjì ń wá. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ, ìjà le lẹ́bàá odò Chra. Ní òru ọjọ́ 24 sí 25, àwọn ará Jámánì fúnra wọn bi àwọn òpó náà ṣubú, wọ́n sì ba ẹ̀rọ jẹ́ kí ó má baà bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ní ọjọ́ 26, wọ́n túúbá. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta di àwókù ní òru kan.

Ìdí tí a fi mú Kamina wọ ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ẹ lọ síbẹ̀ lónìí, ẹ ó rí àwọn pèpéle kọnkéré àti irin tó ti dípẹtà láàárín koríko. Ó ti lé ní 110 ọdún tí òjò ti ń rọ̀ lé e. Ká ní ilé alámọ̀ ló wó ní òru yẹn, gbogbo rẹ̀ ì bá ti di ilẹ̀ oko, ọmọ ọmọ ẹni tó mọ ọ́n ì bá sì ti fi amọ̀ rẹ̀ kọ́ ilé mìíràn. Kọnkéré kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òjò kò tú u, ikán kò jẹ ẹ́, kò sì padà sínú ilẹ̀. A fẹ́ràn sìmẹ́ńtì nítorí agbára yẹn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń gbé ilé ró kan náà ni kò jẹ́ kí àwókù rẹ̀ lọ. Kamina ni àlàpà onísìmẹ́ńtì ńlá àkọ́kọ́ ní agbègbè wa, òun ló sì kọ́kọ́ fi hàn pé sìmẹ́ńtì kò mọ ọ̀nà ilé.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Amọ̀ máa ń le nítorí pé omi inú rẹ̀ gbẹ. Bí omi bá padà, á tún rọ̀. Sìmẹ́ńtì kì í gbẹ lásán. Omi tí a dà sí i ń wọ inú rẹ̀, òun àti omi á di ohun tuntun, tó dà bí òkúta, kò sì sí omi tó lè dá a padà sí lẹ́búlẹ́bú mọ́. Ó jọ ìkòkò tí a sun. Nítorí náà òfin kejì àwọn àgbà ló bá àwókù sìmẹ́ńtì mu: ẹ má retí pé òjò á tú u, ẹ wá iṣẹ́ mìíràn fún un. Òòlù àti asẹ́ ló máa ṣe fún un ohun tí omi ń ṣe fún amọ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ló mọ òfin yìí. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ máa ń lọ àwókù bíríkì àti àpáàdì, wọ́n á pò ó mọ́ òkúta ẹfun tí wọ́n ti sun, èyí tí a mọ̀ ní iléèwé sí chaux. Vitruvius, ẹni tó kọ̀wé nípa iṣẹ́ ìmọlé ní nǹkan bí 2000 ọdún sẹ́yìn, dá a lábàá pé bí yanrìn bá jẹ́ ti odò tàbí ti òkun, kí a fi àpáàdì lílọ̀ tí a ti jọ̀ kún un, ní ìwọ̀n ìdá kan nínú mẹ́ta, àpòpọ̀ náà á sì dára sí i. Àwọn ará Íńdíà ń lo ohun kan náà, wọ́n ń pè é ní surkhi. Àwọn ará Íjíbítì ń pè é ní homra, àwọn ará Tọ́kì ń pè é ní horasan. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé amọ̀ tí iná ti sun, bí a bá lọ̀ ọ́ kúnná, máa ń bá chaux àti omi mú ara wọn, kì í kàn ṣe pé ó kún àyè bí yanrìn. Ní Kumasi, ní ilẹ̀ Ghana tí kò jìnnà sí wa, ilé ìwádìí tí wọ́n ń pè ní BRRI ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀: amọ̀ sísun tí a lọ̀ kúnná ni wọ́n fi ń dípò apá kan nínú sìmẹ́ńtì.

Àwọn ará Jámánì tó fọ́ Kamina náà wá kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lórí ìlú ara wọn. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ní 1945, wọ́n ṣírò àwókù ilé ní Jámánì sí nǹkan bí 400 mílíọ̀nù mítà kúbìkì. Àwọn obìnrin tò sójú pópó pẹ̀lú òòlù, wọ́n ń ha àpòpọ̀ gbígbẹ kúrò lára bíríkì kí wọ́n lè tún un lò. Ní Frankfurt, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní 1945 kan náà láti máa lọ àwókù, kí wọ́n sì fi ṣe búlọ́ọ̀kù tuntun. Nígbà tó di 1951, Jámánì ti ní ìlànà tí a kọ sílẹ̀ fún kọnkéré tí a fi bíríkì fífọ́ ṣe. Wọn kò ṣe é nítorí ìfẹ́ igbó àti odò. Ilé ni wọn kò ní, owó ni wọn kò ní, àwókù ló sì wà níwájú wọn. Lónìí òfin ti wọ̀ ọ́: ní 2008, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní kí àwọn orílẹ̀-èdè rẹ̀ rí i pé, nígbà tó bá fi máa di 2020, ìdá 70 nínú 100 àwókù ilé kíkọ́ àti ilé wíwó ni a óò máa tún lò.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Lẹ́yìn òmìnira, Tógò gbìyànjú láti máa ṣe sìmẹ́ńtì tirẹ̀. Òkúta ẹfun wà ní Tabligbo. Tógò, Ghana àti Côte d'Ivoire pawọ́ pọ̀ dá CIMAO sílẹ̀ síbẹ̀ láti máa sun ún fún orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1980, ó sì ti pa dé ní 1984. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ló tún wá jí òkúta Tabligbo dìde lẹ́yìn náà. Ní Cacavéli ní Lomé, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń jẹ́ Centre de la Construction et du Logement gba ọ̀nà mìíràn: erùpẹ̀ ilẹ̀ wa ni wọ́n ń fi sìmẹ́ńtì díẹ̀ sí, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ di bíríkì. Òfin àkọ́kọ́ àwọn baba wa ni ìyẹn, a kàn fi ẹ̀rọ ràn án lọ́wọ́ ni. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ilé amọ̀ ti di ilé tálákà. Ẹni tó bá rí owó, sìmẹ́ńtì ló fi ń fi hàn pé òun rí i.

Bí gbogbo wa bá sì ń lo sìmẹ́ńtì, gbogbo wa ń fẹ́ yanrìn. Ní etíkun, ní apá Aného àti Agbodrafo, òkun ti gbé ilé àti ọ̀nà lọ, yanrìn tí wọ́n ń kó létí òkun sì ń dá kún un. Nítorí èyí ni ìjọba fi dá kíkó yanrìn òkun dúró ní 2011. Láti ìgbà náà ni ẹrù náà ti túbọ̀ wúwo lórí yanrìn odò àti ti ilẹ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká sọ pé yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tí gbogbo ayé ń lò lọ́dún tó nǹkan bí 50 bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Sìmẹ́ńtì fúnra rẹ̀ ń fẹ́ iná tó gbóná tó nǹkan bí 1450 digírì. Èéfín tó ń jáde láti ara òkúta ẹfun àti iná yẹn tó nǹkan bí ìdá méje sí mẹ́jọ nínú 100 èéfín kábọ̀n tí àwọn ènìyàn ń tú sí ojú ọ̀run. Àgbẹ̀ tó ń wo ojú ọ̀run ní agbègbè Ogou tí òjò kò dé lásìkò, ọ̀rọ̀ yìí kàn án.

Nísinsìnyí, báwo ni a ṣe lè ṣe é? A kò ní purọ́ fún yín pé gbogbo àwókù ló dára. Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ àwókù, tó wá sọ ọ́ di àyè láti fi dín sìmẹ́ńtì kù, itọ́ ló fẹ́ fi mọlé. Sìmẹ́ńtì gbọ́dọ̀ pé. Yanrìn nìkan ni a fẹ́ fi àwókù dípò apá kan rẹ̀.

Èkíní, ẹ ṣà á. Kọnkéré, búlọ́ọ̀kù, bíríkì sísun àti àpáàdì dára. Ẹ yọ igi, irin, rọ́bà, ọ̀dà àti erùpẹ̀ kúrò. Ẹ yọ plâtre kúrò pátápátá, nítorí ohun tó wà nínú plâtre máa ń bá sìmẹ́ńtì jà, ògiri á wú, á sì sán. Ẹ má fi ọwọ́ kan àwókù ilé ìyàgbẹ́ tàbí ti ibi tí àwọn mẹkáníìkì ti da epo sí.

Èkejì, ẹ fọ́ ọ. Àwọn ìyá wa tí ń fọ́ òkúta ní ẹ̀bá òkè mọ iṣẹ́ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ, kọnkéré àtijọ́ kò sì le tó òkúta òkè. Bí iṣẹ́ yìí bá dúró, ọ̀nà ìjẹ lè wà nínú rẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi omi wọ́n ọn kí wọ́n tó fọ́ ọ, kí wọ́n sì fi aṣọ bo imú, nítorí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ jọ̀ ọ́. Asẹ́ tí ojú rẹ̀ tó mìlímítà 5 tó. Èyí tó bá kọjá nínú asẹ́ ni yanrìn wa. Èyí tó bá kù lókè asẹ́ dára láti fi tẹ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀ tàbí láti fi dí kòtò ojú ọ̀nà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ rẹ ẹ́ sómi kí ẹ tó pò ó. Yanrìn àwókù máa ń mu omi ju yanrìn odò lọ. Bí ẹ kò bá fún un ní omi tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, omi tó yẹ kó jẹ́ ti sìmẹ́ńtì ló máa mu, àpòpọ̀ náà á sì gbẹ kó tó le.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má jẹun ju ikùn lọ. Nínú garawa yanrìn mẹ́rin, ẹ fi ọ̀kan ṣe ti àwókù, kí mẹ́ta yòókù jẹ́ yanrìn tí ẹ mọ̀. Ẹ lò ó fún lílẹ búlọ́ọ̀kù, fún rírẹ́ ògiri àti fún títẹ́ ilẹ̀ yàrá. Ẹ má lò ó fún òpó, fún igi kọnkéré tàbí fún àjà pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láìsí onímọ̀ ẹ̀rọ tó dán an wò. Kí ẹ sì tó kọ́ ohunkóhun, ẹ po oríṣi méjì, ọ̀kan pẹ̀lú àwókù, ọ̀kan láìsí. Ẹ fi ṣe búlọ́ọ̀kù kéékèèké, ẹ máa bu omi rin wọ́n fún ọjọ́ méje lábẹ́ ibòji. Ní ọjọ́ 28, ẹ fi òòlù kan náà lu méjèèjì, ẹ ó sì fi ojú ara yín rí i.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀, nítorí a ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ kan: bí àwókù bá di yanrìn, ṣebí Kamina ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ lọ fọ́? Rárá o. Àlàpà ní ẹni tó ni ín, Kamina sì ní tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀rí iṣẹ́ àfipáṣe tí àwọn baba ńlá wa ṣe wà, ibẹ̀ ni ẹ̀rí ogun tó pín ilẹ̀ wa láàárín Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì wà. Òògùn wọn ló wà nínú kọnkéré náà. Bí a bá lọ̀ ọ́ di yanrìn, kí ni a ó fi han àwọn ọmọ iléèwé tí ìwé ìtàn wọn fi ìlà kan péré sọ̀rọ̀ Kamina? Àwókù tí a ní kí ẹ fọ́ ni èyí tó wà lójú àgbàrá, tí kò ní ìtàn kankan ju pé ẹnì kan kò fẹ́ san owó ọkọ̀ dé ibi jíjìn.

Ẹ̀yin bíríkìlà, ẹ̀yin baálé ilé, ẹ̀yin ìyá tí ń fọ́ òkúta, ọwọ́ yín ni iṣẹ́ kù sí. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ṣì rántí bí wọ́n ṣe ń fi amọ̀ àlàpà mọ ilé tuntun ní abúlé yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa sọ ọ́: iye ọjọ́ tí wọ́n ń rẹ ẹ́, ohun tí wọ́n ń fi kún un, orúkọ tí wọ́n ń pè é ní èdè tiyín, yálà Ifẹ̀ ni, Ìdáàṣà ni, Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Kétu. A ó kó o jọ, a ó sì gbé e síbí kí àwọn ọmọ wa lè kà á, kí ẹnu tó mọ̀ ọ́n tó dákẹ́.

Ilé wa kò ní wó mọ́ wa lórí.